Lẹ́tà Mẹ́fà Nínú Bébà Ẹ̀pà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ajégúnlẹ̀, tí orí mi kò tíì ga dé ibi tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ lára ilẹ̀kùn, ohun méjì péré ni mo bẹ̀rù láyé: bẹ́líìtì bàbá mi, àti ọjọ́ Sátidé tí pọ́súlù bàbá mi kò bá tíì kún. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí pọ́súlù. Ẹ̀yìn ìwé ìròyìn Sọ́ńdè ló máa ń wà, ilé kéékèèké dúdú àti funfun. Wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀ Òyìnbó lọ́wọ́ ẹ nísàlẹ̀, ìwọ á máa fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sínú ilé funfun kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀rọ̀ kan dùbúlẹ̀, àwọn kan nàró, wọ́n sì ń gba inú ara wọn kọjá. Bí o bá ṣi ẹyọ kan, o ti ba tàwọn aládùúgbò ẹ̀ jẹ́ nìyẹn.

Ìwé mẹ́fà ni bàbá mi kà. Iṣẹ́ rẹ̀ ní wọ́ọ̀fù Àpápá ni kó jókòó sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì, kó máa fi pẹ́ńsùlù fa ìlà kan fún àpò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbé jáde nínú ọkọ̀. Láti Mọ́ńdè dé Furaidé, ìlà ló ń fà. Mo rò pé ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ràn pọ́súlù, torí níbẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń jẹ́ kó kọ lẹ́tà.

Ẹni tí kò jẹ́ kó gbádùn rẹ̀ ni Tíṣà. Ará Wàrí ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, yàrá rẹ̀ sì kọjú sí tiwa gan-an. Tíṣà kì í ra ìwé ìròyìn. Tiwa ló máa ń yá, á fi rúlà da àwọn ilé náà kọ sínú ìwé tirẹ̀, tó bá sì fi máa di ọ̀sán Mọ́ńdè, ó ti kún. Òun nìkan ló ní díkíṣọ́nárì nínú ilé wa, aṣọ funfun ló sì fi ń wé e bí ọmọ tuntun. Tó bá ti parí tirẹ̀, á gbé àga síta, á kọjú sí ẹnu ọ̀nà wa, á máa fi igi tayín.

Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀rọ̀ wọn le. Fún odindi ọdún kan, bàbá mi kò tíì kún pọ́súlù kan rí. Èyí ti wá ku ẹyọ kan ṣoṣo. Wọ́n ní okùn ńlá tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́ èbúté, lẹ́tà mẹ́fà. Ilé kejì ti ní A, ilé tó kẹ́yìn ti ní R. Tíṣà gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́.

“Baba Sùlè, na rope o! Rope wey dey your work place!”

Inú bí bàbá mi. Níwájú gbogbo ayálégbé ló ti sọ ọ́ pé bí òun kò bá kún un kí ìwé ìròyìn tuntun tó dé láàárọ̀ Sọ́ńdè, òun kò ní fọwọ́ kan pọ́súlù mọ́ láé, Tíṣà ni kó máa gba ìwé náà. Ṣùgbọ́n bí òun bá kún un, Tíṣà á dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, á pe òun ní Tíṣà. Tíṣà gbà. Ó ní kò gbọdọ̀ sí díkíṣọ́nárì, kò sì gbọdọ̀ sí bíbéèrè lọ́wọ́ ará ìta. Bàbá mi náà gbà. Bó ṣe di pé ó ń kọjá lára okùn náà lójoojúmọ́, tí kò sì lè bi ẹnikẹ́ni ní orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Kò jẹun dáadáa mọ́. Ní Furaidé, ìyá mi se ìrẹsì pẹ̀lú ẹja ọ̀bọ̀kún. Bàbá mi wo ẹja náà títí bí ẹni pé òun ló gbé lẹ́tà mẹ́rin tó kù mì.

Ẹ̀pà ni ìyá mi ń tà lẹ́nu géètì wọ́ọ̀fù. Yanrìn gbígbóná ló fi ń yan án, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé. Tèmi ni kí n ya ìwé ìròyìn àtijọ́ sí wẹ́wẹ́, kí n ká a bí àrọ, kí n tẹ ìdí rẹ̀ pọ̀, kí n bu ẹ̀pà sí i. Bí mi ò bá tẹ ìdí rẹ̀ dáadáa tí ẹ̀pà bá jò, ìka kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè, títí ìyá mi á fi rántí mi.

Láàárọ̀ Sátidé, bàbá mi wọ ilé ìwẹ̀. Mo yọ pọ́súlù náà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Kíláàsì kẹrin ni mo wà nígbà náà, mo sì gbà pé kò sóhun tí mi ò mọ̀. Mo ní bí mo bá kàn wo okùn yẹn dáadáa, á jẹ́wọ́ orúkọ rẹ̀ fún mi. Ibi tí mo ti ń wò ó ni mo ti gbọ́ sálúbàtà bàbá mi, pá, pá, pá. Mo ti í bọ àárín àwọn bébà ẹ̀pà. Kò tíì rọra dùbúlẹ̀ síbẹ̀ tán tí bàbá mi fi ní kí n gbé korobá lọ sídìí ẹ̀rọ omi.

Ìlà gùn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo fi máa dé, bàbá mi ti lọ sípàdé àwọn ará ìlú wa. Ó ti sọ fún gbogbo ilé pé bí òun bá dé nírọ̀lẹ́, òun á jókòó ti pọ́súlù, kí ẹnikẹ́ni má pe òun. Ìyá mi náà ti ká ìyókù bébà fúnra rẹ̀, ó ti gbé àtẹ lọ. Mo wo ibi tí bébà wà. Ilẹ̀ lásán ni mo rí.

Mo sáré. Láti Ajégúnlẹ̀ dé Wọ́ọ̀fù Róòdù, mo sáré débi pé òjìji mi bẹ̀ mí pé kí n dúró de òun. Ajá kan lé mi, ó rẹ ajá náà, ó jókòó, ó ń wò mí lẹ́yìn. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ wá ajá náà.

Mo kúnlẹ̀ síwájú ìyá mi, mo jẹ́wọ́. Kò pariwo.

“Mi ò ní tú ẹ̀pà mi dànù torí ẹ,” ó ní. “Gbé àtẹ. Tà á. Èyí tó o bá tà, gba bébà ẹ̀ padà.”

Àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde ní géètì lásìkò náà. Mo wọ àárín wọn. “Ẹ gba ẹ̀pà, sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dà á sọ́wọ́, ẹ fún mi ní bébà.” Wọ́n yí mi po.

“Irú ẹ̀pà wo lèyí, tó ń gba aṣọ ara ẹ̀ padà?” ọ̀kan ní.

“Bóyá ẹ̀pà ọlọ́pàá ni,” èkejì dá a lóhùn.

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Mò ń tú bébà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí agbábọ́ọ̀lù tó gbé ẹsẹ̀ sókè. Mo rí wàrà alágolo. Mo rí òkú àgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń dárò rẹ̀. Oòrùn ń yẹ̀ lọ. Àtẹ ṣófo, mi ò rí ilé funfun, mi ò rí ilé dúdú.

Ìyá mi ronú. “Kó o tó dé, Ìlàjẹ ra mẹ́ta,” ó ní.

Ọkùnrin ará Ìlàjẹ kan ni, orúkọ ìlú rẹ̀ ni gbogbo wọ́ọ̀fù ń pè é. Ó ti bá ọkọ̀ rìn dé òkè òkun rí. Nígbà tí mo ń wí yìí, òun ló ń gba okùn lọ́wọ́ ọkọ̀ tó bá gúnlẹ̀, tó ń so ó mọ́lẹ̀. Etí omi lọ́hùn-ún ló máa ń wà, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọmọdé wọlé. Mo sọ fún máíńgádì pé oúnjẹ bàbá mi ni mo gbé lọ.

“Oúnjẹ dà?”

“Mo ti jẹ ẹ́ lọ́nà, sà. Ẹ jẹ́ kí n lọ jẹ́wọ́ fún un.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kọjá, pé ìyà tó ń dúró dè mí tó mi.

Mo bá Ìlàjẹ lórí irin tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́. Ó tẹ́ bébà náà sórí itan, epo ẹ̀pà ti mú kó máa dán. Pẹ́ńsùlù kúkúrú wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìwọ lo ni í? Ta ló ṣe gbogbo ẹ̀ tó wá fi ẹyọ kan sílẹ̀?”

Mo ní bàbá mi ni. Ìlàjẹ ti kọ ọ́. HAWSER. Ó fi ẹsẹ̀ gbá okùn kan tó nípọn tó itan rẹ̀. “Họ́sà nìyí. Sọ fún bàbá ẹ kó máa kí i tó bá ń kọjá.”

Mo dúpẹ́, mo gbà á, mo sì fẹ́ sunkún. Lẹ́tà bàbá mi a máa nàró ṣánṣán bí ìlà tó ń fà lẹ́nu iṣẹ́. Ti Ìlàjẹ dà bí ẹni tó fẹ́ ṣubú sómi. Tíṣà á rí i, á ní bàbá mi ti béèrè lọ́wọ́ ará ìta. Ojú á tì í níwájú gbogbo ilé, torí èmi.

Lábẹ́ igi kan lọ́nà, mo yọ pẹ́ńsùlù ilé ìwé mi. Ẹ rántí rọ́bà tí a máa ń wé mọ́ ìdí pẹ́ńsùlù láti fi pa nǹkan rẹ́? Òun ni mo fi pa á. Dúdú rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ Ìlàjẹ wúwo, ojú lẹ́tà náà ti jìn sínú bébà. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ títí, kò gbà. Mo dá a padà sábẹ́ ìrọ̀rí bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi dé. Ó mú bébà náà, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Tíṣà ti gbé àga síta. Èmi kúnlẹ̀ nídìí ààrò, mò ń fẹ́ iná tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ ẹ. Bàbá mi gbóòórùn bébà. Ó gbé e sókè sí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ó dà á sọ́tùn-ún, ó dà á sósì. Lẹ́yìn náà ló yíjú, ó wò mí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ó pẹ́ tó fi wò mí. Mo ti ń ka iye ojú bẹ́líìtì lọ́kàn mi.

Ó fi ahọ́n lá pẹ́ńsùlù. Ó kọ lẹ́tà mẹ́rin tó kù.

Tíṣà gbé ìwé tirẹ̀ wá, ó wo méjèèjì. Ó dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Mò ń gbọ́,” bàbá mi ní.

“Tíṣà,” ni Tíṣà wí, jẹ́jẹ́.

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó nà mí. Láti Sọ́ńdè ọjọ́ kejì ni bàbá mi ti ń pè mí jókòó tì í bó bá ń ṣe pọ́súlù. Ó ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti rán mi lọ sílé ìwé tó tẹ̀ lé pírámárì, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé orí mi pé. Ọdún méjì ni mo lò níbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ èmi àti ilé ìwé tó tán. Síbẹ̀ kò yéé sọ ọ́.

Nígbà tó darúgbó, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ó pè mí lọ́jọ́ kan.

“Sùlè, bébà yẹn ń rùn bí ẹ̀pà. Mo sì rí ojú ohun tó o pa rẹ́. O ti mọ̀ ọ́n, o ò fẹ́ kójú tì mí. Tíṣà ní a ò gbọdọ̀ béèrè lọ́wọ́ ará ìta. Ọmọ mi kì í ṣe ará ìta.”

Mo la ẹnu láti sọ òótọ́. Mo wo ojú rẹ̀, mo pa ẹnu dé. “Ẹ ṣé, Bàbá,” ni mo wí.

Lóde òní, ọmọ ọmọ mi ń ṣe pọ́súlù lórí fóònù. Bí ọ̀rọ̀ bá le, á tẹ nǹkan kan, ìdáhùn á yọ, kò sì ní í sáré dé Wọ́ọ̀fù Róòdù. Bó bá ṣi í, á pa á rẹ́, ojú gíláàsì á tún mọ́ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó kọ nǹkan síbẹ̀ rí. Tiwa kì í rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Tèmi ti lọ ju ogún ọdún lọ dáadáa, orúnkún mi ló wá ń dùn mí, ni mo fi jókòó kí òótọ́ bá mi níbí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá ṣíwájú mi dé ọ̀run nínú yín, tó bá pàdé bàbá mi nídìí pọ́súlù, ẹ bá mi kí i. Ẹ má mẹ́nu ba Ìlàjẹ.