“Ma Wa” Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Kọ

Mo rántí ìgbà tí wọ́n gbé ẹ̀kọ́ fóònù àti kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ wá sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Mowe. Wọ́n ní ìjọba ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́yìn mọ́, ìbáà ṣe oníṣẹ́ ọwọ́, ìbáà ṣe oníṣòwò. Kì í ṣe pé mo nílò ẹ̀kọ́ o. Láti Ibafo dé Ifo, kò sí jórinjórin tó mọ irin jó bí èmi. Ẹ bi àwọn ará ẹ́sítéètì OPIC léèrè ẹni tó ṣe géètì wọn. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, síbẹ̀ àwọn tó ka yunifásítì ló ń wá bẹ̀ mí níṣẹ́. Ohun tó gbé mi lọ ni pé ó ti sú mi kí aládùúgbò máa bá mi ka ọ̀rọ̀ ilé mi.

Ìyàwó mi ti kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí fún mi wà ní Port Harcourt lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, àwa méjèèjì sì ti sọ̀rọ̀ síra wa níbi ìsìnkú ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò ṣe é kó padà. Láti ìgbà náà, kò ya ọ̀dọ̀ mi mọ́. Àfi bí àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe wọlé lọ́jọ́ kan, tí aládùúgbò mi kà á fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín: ọmọ mi ní òun fẹ́ kó àwọn ìbejì tí mi ò tíì fojú rí wá lọ́dún Àjíǹde, bí mo bá fẹ́. Aládùúgbò ní kí n fi ohùn ránṣẹ́ sí i. Mo ní rárá, ẹni tí kò mọ̀wé ló ń fi ohùn ránṣẹ́.

Tíṣà tó ń kọ́ wa kò ju ọmọ mi lọ. Ó ń fi hàn wá bí a ṣe ń tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀ pẹ́ kí àmì ohùn lè yọ lórí rẹ̀.

Mo ní, “Tíṣà, inú Yorùbá ni wọ́n bí mi sí. Àwọn tó ń kọ́ èdè ni kẹ́ ẹ fàmì hàn.”

Ìyá kan tó ń ta aṣọ l'Ajuwon dá mi lóhùn lẹ́yìn, “Bàbá Onígéètì, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tíṣà.”

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo fi ìka mi tí iná ti jó tẹ èsì: “Ma wa.” Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ìwé mẹ́rin nìyẹn, “a” kan tó. Mo fi ránṣẹ́, mo gbé fóònù náà yí gbọ̀ngàn ká.

Mo kun géètì. Mo fi irin ṣe jáńgílófà oníjòkòó méjì síwájú ilé fún àwọn ìbejì. Mo se ìrẹsì, mo pa adìẹ. Àjíǹde dé, ó sì kọjá. Mi ò pè é. Ṣebí èmi ni mo bí i. Ìrẹsì náà, èmi nìkan ni mo jẹ ẹ́ títí tó fi kan.

Mo gbé fóònù lọ bá tíṣà, mo díbọ́n pé ó fẹ́ bàjẹ́. Ó ka ọ̀rọ̀ náà, ó wò mí.

“Bàbá, ẹ ní kí wọ́n má wá.”

“Máa wá ni mo kọ.”

“Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n ẹnu yín ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kà á.”

Àwọn àgbà ní bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Mo kọ òmíràn, mo fi àmì sí i kínníkínní. Ó pẹ́ kí ọmọ mi tó fèsì: “Mo ti gbo, Daddy. E ma reti wa.” Kò fi àmì kankan sí i.

Lónìí, èmi ni mo ń fi àmì han àwọn jórinjórin ẹgbẹ́ mi n'Ibafo, kò sì sí èyí tó mọ̀ ọ́n tó mi. Wọ́n ní kí n pè é, kí n bi í bóyá “ẹ máa retí wa” ló kọ ni, àbí “ẹ má retí wa”. Mi ò pè. Bí mo bá pè, ó lè sọ èkejì. Bó bá dìrọ̀lẹ́, mo máa ń fi gírísì pa irin jáńgílófà náà, kí n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, kí n ṣí fóònù, kí n ka ọ̀rọ̀ náà sókè. Bó ṣe wù mí ni mo ń kà á.