Ewé Ẹ̀súrú fún Sísítà

Òórùn koríko tó ti gbẹ lójú ọ̀nà jíjìn ló máa ń jáde nínú àpòòwé yẹn. Lọ́dọọdún, láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, Sísítà tó ń kọ́ wa ní ìmọ̀ Bíbélì á gbé e kiri kíláàsì, á ní ká gbóòórùn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń fi í ránṣẹ́ láti Áílàǹdì: ewé kékeré bíi bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì, mẹ́ta lórí ọ̀pá kan. Sísítà á fi pínnì gún un mọ́ àyà aṣọ rẹ̀ fún ọdún Pátíríkì Mímọ́.

Gbogbo wa la mọ ìtàn náà. Àwọn akónilẹ́rú gbé Pátíríkì lọ sí Áílàǹdì lọ́mọdé, ó da àgùntàn fún ọdún mẹ́fà, ó sá lọ sílé, ó sì tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà lọ wàásù fún àwọn tó mú un sìn. Wọ́n ní ewé yẹn ló fi ṣàlàyé Mẹ́talọ́kan fún wọn. Sísítà ní nílé àwọn, àwọn ọkùnrin a máa ju ewé náà sínú ife ọtí tí wọ́n bá mu kẹ́yìn lọ́jọ́ ọdún. Bàbá mi, tíṣà, ọmọ ìjọ Áńgílíkà paraku, kò fẹ́ gbọ́ ti ọtí yẹn rárá. Ó ní, "Ìwé ni mo ní kí o lọ kà lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà, n kò ní kí o bá wọn ṣọdún."

Ní ọdún 1978, tí mo wà ní fọ́ọ̀mù kẹta, àpòòwé kò dé. Ìyá Sísítà ti kú lẹ́yìn Kérésìmesì, Sísítà kò sì ráyè lọ sin ín. Ó sọ ọ́ fún wa, ó kọjú sí pátákó, kò kọ nǹkan kan. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo pinnu pé bó le, bó rọ̀, obìnrin yìí kò ní ṣọdún láìwọ ewé.

Mo wá etí kòtò Òkè-Ìlá títí, n kò rí ewé mẹ́ta-mẹ́ta. Ọdún ku ọ̀la kí n tó rántí ẹ̀súrú, tí ewé tiẹ̀ náà máa ń yọ ní mẹ́ta-mẹ́ta. Bí a ṣe jáde nílé ìwé, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sóko ìyá mi lọ́nà Ìyìn. Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, ẹ̀súrú ti ń yọ orí lókè ebè. Mo ti gé mẹ́ta, ẹ̀gún ti gún mi lọ́wọ́, kí ìyá mi tó rí mi.

"Uṣu mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù! Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Mo ṣàlàyé. Mo ń retí ìgbátí, àmọ́ ó fi ọkọ́ sílẹ̀.

"Ìyá rẹ̀ kú, kò rí i sin?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Yèyé."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé èyí tó tutù jù fún mi. "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Má jẹ̀ẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́ o."

Lọ́jọ́ kejì, kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀súrú! Ó ká ẹ̀súrú wá fún òyìnbó!" Lọ́dọ̀ wa tí a ti ń jẹyán lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó ń fi ẹ̀súrú yangàn. Ojú tì mí, àmọ́ mo rìn lọ síwájú. Sísítà fi ìka kà á: "Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta." Ó fi pínnì gún un mọ́ àyà aṣọ rẹ̀. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ó tóbi ju tiwa lọ." Ewé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bo àyà rẹ̀ tán, ó sì wọ̀ ọ́ lọ sí Máàsì bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi gbọ́ kí ọjọ́ tó rọ̀. Ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n nawọ́ sókè. "Ẹ̀súrú ṣe àṣejù, ó tẹ́ lọ́wọ́ oníyán," ló ń wí ṣáá. Mo kúnlẹ̀, apá ro mí, n kò sì kábàámọ̀.

Mo ti di ìyá àgbà báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá ọ̀rẹ́ mi tí a jọ fẹ̀yìntì kú lókè òkun, ọ̀rẹ́ mi kò sì lè lọ sin ín. Mo tẹ ìkíni ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, mo fi àwòrán àbẹ́là kún un, mo padà sídìí oúnjẹ mi. Ilé rẹ̀ kò tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí tèmi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí mo jẹ́ nígbà yẹn ì bá ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ tó gbọ́. Bí mo bá ti parí ìlà yìí, bàtà ni mo ń wọ̀.