Ọjọ́ Tí Àǹtí Télọ̀ Fẹ́ Yọ́ Lọ

Àbúrò ìyá mi ni Àǹtí Télọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni wọ́n. Tí ènìyàn mẹ́rin bá wọ ṣọ́ọ̀bù wọn, ó ti kún nìyẹn. Máṣíìnì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan sì máa ń daṣẹ́ sílẹ̀ bí ojú ọjọ́ bá ti gbóná. Fún ọdún mẹ́rin báyìí, tí ọlidé ńlá bá ti bẹ̀rẹ̀, Àǹtí á ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n á wọ ọkọ̀ ọjọ́ méjì kọjá ẹnubodè, wọ́n á lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan nílẹ̀ òkèèrè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn. Aṣọ ni wọ́n ń rán fún àwọn ọmọ náà, wọ́n sì ń kọ́ àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ níṣẹ́.

Màmá àgbà wa kò fara mọ́ ọn rárá.

"Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn," ni wọ́n máa ń sọ. "Ìwọ tí o ò tíì bímọ, ta lò ń ránṣọ fún kiri?"

"Màámi, ẹ sún mọ́ ibí kí n wọn ìdí yín," Àǹtí á dáhùn. "Ìlẹ̀kẹ̀ ò wọ́n mi."

Màmá àgbà á bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á tán, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Lọ́dún yìí, ìyá mi ní kí n tẹ̀ lé Àǹtí lọ, pé ìtìjú mi ti fẹ́ẹ̀ dàrùn, bóyá ìrìn-àjò á là mí lójú díẹ̀. Bí mo ṣe fojú ara mi rí ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí.

Ilé gígùn kan ni, bíi ti ilé ẹ̀kọ́, ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló sì ń gbé inú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni títì kan wà, tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Obìnrin tó ń bójú tó ilé náà gbọ́ èdè wa, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni ìyá wọn ti wá, àwọn ọmọ náà sì ti kọ́ ọ lẹ́nu wọn. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. Ìdì kọ́kọ́rọ́ kan kì í kúrò ní ìbàdí wọn; kó o tó rí wọn, o ti gbọ́ wọn.

Yàrá ìkẹyìn ni Àǹtí ti ń ránṣọ. Wọn kì í gé aṣọ ọmọ kankan ní ìwọ̀n ara rẹ̀ gan-an. Wọ́n á ká etí rẹ̀ sínú lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n lè máa tú ẹyọ kan lọ́dọọdún bí ọmọ náà bá ṣe ń ga sí i. Ní ọjọ́ kejì tí a dé, àwọn ọmọ tò síwájú wọn, Àǹtí sì ń tú etí aṣọ níkọ̀ọ̀kan. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń fi ìka méjì wọn ibi tí ọmọ kan ti ga dé, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú òwú lẹ́nu. Mi ò rí ẹ̀rín yẹn ní ṣọ́ọ̀bù rí, kódà lọ́jọ́ tí oníbàárà bá sanwó láì nájà.

Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan wà tí Àǹtí sọ ní Tẹ̀lémi, nítorí kì í fi ẹ̀yìn wọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá ń wa máṣíìnì, abẹ́ tábìlì ni yóò jókòó sí, á máa ṣa bọ́tìnnì tó bá já bọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń fi da Ìyá Kọ́kọ́rọ́ láàmú. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ sùn fún wákàtí kan. Tẹ̀lémi kì í sùn. Á kàn dùbúlẹ̀, á la ojú sílẹ̀ bí ẹja.

"Láti ọdún tó kọjá ni," Ìyá Kọ́kọ́rọ́ sọ fún mi. "Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti bá a wí. Òkúta ni."

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí àwọn tó wá ṣèrànwọ́ ṣe ń kúrò níbẹ̀. Wọn kì í dágbére. Bí ìyá ṣe máa ń yọ́ jáde kí ọmọ má bàa ké, bẹ́ẹ̀ náà ni. Wọ́n á dúró kí àwọn ọmọ sùn lọ́sàn-án, wọ́n á sì gbé ẹrù wọn gba ẹ̀yìn. Àánú ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kà á sí. Àǹtí náà kà á sí àánú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti ṣe é.

Ó ku ọ̀la ká lọ, Tẹ̀lémi wá bá mi níbi tí mo ti ń ká aṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ̀ ń lọ?"

Àǹtí ti kìlọ̀ fún mi. "Mi ò mọ̀," ni mo wí.

Ó wo ojú mi pẹ́. "Ẹ mọ̀," ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí n sọ fún Àǹtí. Mi ò sọ.

Aago méjì ni ọkọ̀ wa máa gbéra lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó di aago kan kọjá díẹ̀, gbogbo ilé ti dákẹ́. A gbé àpò méjèèjì gba ẹ̀yìn ilé ìdáná, bàtà wa wà lọ́wọ́ bíi ti olè. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ di ìdì kọ́kọ́rọ́ wọn mú kó má bàa dún, wọ́n yọjú wo yàrá àwọn ọmọbìnrin, wọ́n sì jáde kíá.

"Tẹ̀lémi ò sí lórí bẹ́ẹ̀dì."

Kò sí ní ilé ìwẹ̀. Kò sí lábẹ́ tábìlì máṣíìnì. Àǹtí ṣí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, wọ́n ń fa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ dà sílẹ̀. Mo sáré lọ sí ìdí táńkì omi. Ìdérí rẹ̀ ṣí díẹ̀. Mo gun orí búlọ́ọ̀kù, mo mú igi, mo fi rò ó nínú omi náà yíká. Igi náà ò kan nǹkan kan. Mo tún rò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo bá àwọn méjèèjì ní géètì ẹ̀yìn. Ó ṣí sílẹ̀.

"Ta ló ṣí eléyìí?" Àǹtí béèrè.

"Èmi ni. Láti àárọ̀," ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wí. "Kó má bàa dún tí ẹ bá ń lọ."

Ọkọ̀ akẹ́rù kan fọn fèrè gígùn lójú títì. Àǹtí ju àpò sílẹ̀, wọ́n sáré láìwọ bàtà. Mo ń sáré lẹ́yìn wọn, mo ń sọ ọ́ jáde: "Àǹtí, ó bi mí lánàá! Ó bi mí ìgbà tí a ń lọ, mo purọ́ fún un!"

Wọn ò bojú wẹ̀yìn. "Èmi ni mo ní kó o purọ́."

Obìnrin kan jókòó ti omi tútù tó ń tà. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ bi í léèrè ní èdè ibẹ̀, wọ́n sì túmọ̀ fún wa: ọmọ kan ti kọjá, ó sọdá títì fúnra rẹ̀, ó ní òun ń lọ sí ibùdókọ̀.

"Wọ́n sì jẹ́ kó lọ?" Àǹtí pariwo.

"Ó ní òun rò pé ìyá ọmọ náà wà nítòsí ni," Ìyá Kọ́kọ́rọ́ túmọ̀.

Ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta ń bọ̀, wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. Àǹtí nawọ́ sókè, wọ́n rìn sójú títì. Mo di ojú mi. Mo gbọ́ táyà tó ń ké, mo gbọ́ èébú tí èdè rẹ̀ ò yé mi, mo sì sáré tẹ̀ lé Àǹtí nínú eruku.

A dé ibùdókọ̀. Ọkọ̀ wa ti ń dún, ariwo sì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ ni Tẹ̀lémi jókòó sí, ó fi apá méjèèjì gbá irin ìdìmú mọ́ra. Àwọn èrò ń gba orí rẹ̀ kọjá.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ọmọ yìí?" Ará ọ̀dọ̀ wa ni dẹ́rẹ́bà náà, ohùn rẹ̀ ti há. "Ó ní ọkọ̀ mi ò gbọdọ̀ lọ àfi tí òun bá rí ìyá kan tó ń ránṣọ. Mo ní kó dìde, ó fẹ́ gé mi jẹ!"

Àǹtí kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Mi ò sùn," Tẹ̀lémi sọ. "Lọ́dún tó kọjá, mo sùn, ẹ lọ. Ẹ ò sọ fún mi."

Mo rò pé Àǹtí máa ní àwọn ò lọ mọ́. Mo rí i lójú wọn pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé e mì.

"Mò ń lọ," wọ́n ní. "Mo máa padà wá nígbà ọlidé ńlá. Tí n bá tún fẹ́ lọ, ojú rẹ ni màá ti lọ. Ṣé o gbọ́?"

Tẹ̀lémi wo ojú wọn, bó ṣe wo tèmi lánàá. Lẹ́yìn náà ló jọ̀wọ́ irin.

Ọkọ̀ náà lọ láìsí wa, nítorí a ò lè fi ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀, àpò wa sì wà nílẹ̀ lẹ́nu géètì. Ọ̀túnla ni òmíràn. Lọ́jọ́ náà, Àǹtí ní kí wọ́n má ti géètì iwájú, wọ́n sì kí ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n dágbére níkọ̀ọ̀kan. Ẹkún náà pọ̀. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ fi ọwọ́ di etí. "Ṣé ẹ ti rí ohun tí mo sọ!" ni wọ́n ń wí, omi sì ń bọ́ lójú àwọn náà. Tẹ̀lémi ò ké. Ó dúró sẹ́nu géètì, ó ń wò wá títí a fi yà ní kọ̀rọ̀.

Nínú ọkọ̀, Àǹtí sunkún títí a fi fẹ́ẹ̀ dé ẹnubodè. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kó tó.

"Jẹ́ n sun ún," wọ́n ní. "Èmi ni mò ń sá fún ẹkún yìí láti ọdún mẹ́ta, kì í ṣe àwọn ọmọ." Wọ́n fi etí aṣọ nu imú. "Tí Màámi bá bi ọ́ pé kí ni mo rí jẹ níbẹ̀, sọ fún wọn pé ẹnì kan dá ọkọ̀ dúró nítorí mi. Ta ló ṣe é fún mi rí?"

Dẹ́rẹ́bà wò wá nínú dígí, ó sì rọra dín ohùn rédíò rẹ̀ kù.