Òrí Inú Pùrójẹ́tọ̀ Bàbá Mi

Ẹ̀rọ kan wà nínú yàrá mi ní Kàbà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn àfi èmi. Àwọn ọmọ àbúrò mi mọ̀, ìyá mi náà mọ̀, ẹni tó ń bá wa gbálẹ̀ sì ti gba ìkìlọ̀ títí ó fi sú u. Pùrójẹ́tọ̀ ni, èyí tí bàbá mi fi ń gbé fíìmù sára ògiri fún wa nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kàdúná. Fíìmù náà tín-ín-rín, kò fẹ̀ tó ìka ọwọ́ mi tó kéré jù lọ. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló ya gbogbo wọn, pẹ̀lú kámẹ́rà kan tí à ń yí bí aago: ó ya àwa ọmọ, ó ya ọgbà wa, ó ya mọ́tò rẹ̀. Mọ́tò rẹ̀ pọ̀ nínú wọn ju àwa ọmọ lọ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó gbogbo rẹ̀ wálé nínú àpótí irin, ó sì kọ́ mi bí a ṣe ń tọ́jú wọn, torí ó ní nínú gbogbo àwọn ọmọ òun, èmi nìkan ni ọwọ́ mi kì í gbọ̀n. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn yangàn.

Tísà sáyẹ́ǹsì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà n kì í pe ẹnikẹ́ni wá tún nǹkan ṣe nílé mi. Nígbà tí bẹ́líìtì rọ́bà inú pùrójẹ́tọ̀ náà dẹ̀, mo gé òmíràn láti ara tíúbù kẹ̀kẹ́. Gílóòbù rẹ̀ ku ẹyọ kan ṣoṣo, n kì í sì í tàn án bí iná bá ń ṣe ségesège. Fíìmù tó bá já, mo máa ń fi téèpù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kí n sì fi abẹ́rẹ́ lu ihò etí rẹ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ihò wọ̀nyẹn ni eyín ẹ̀rọ fi ń fà á kọjá níwájú iná. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Lọ́kọ́ja ní kí n kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Àbújá kí wọ́n dà á sórí fóònù. Mo ní ó di ìgbà tí mo bá kú.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, mo ń to inú àpótí irin náà, mo sì rí fíìmù kan nísàlẹ̀ tí n kò rí rí. Bàbá mi ti fi pẹ́ńsùlù kọ Odò-Àpẹ́, ìlú ìyá mi, sára páálí rẹ̀, ó sì kọ "Àna mi" sábẹ́ rẹ̀. Mo gbé e lọ bá ìyá mi lórí àga rẹ̀. Ó di páálí náà mú, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀.

Ìyá mi kò ní fọ́tò ìyá rẹ̀ kankan. Ẹyọ kan tó wà, ikán ti jẹ ẹ́ mọ́ inú férémù kí wọ́n tó bí mi. Ìyá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún báyìí. Ó lè ka àwọn ewúrẹ́ tí ìyá rẹ̀ sìn fún ọ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ wọn, ó sì lè sín ohùn rẹ̀ jẹ débi tí wàá fi wẹ̀yìn wò. Àmọ́ ní ọjọ́ náà, ó gbójú sókè sí mi.

"Mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀," ó ní. "Ojú rẹ̀ ni mi è rí mọ́."

Ó dùn mí wọra. Lójú ẹsẹ̀ ni mo ṣèlérí fún un pé yóò rí i.

Fíìmù náà ti gbẹ bí èèpo àlùbọ́sà. Mo mọ̀ pé ó lè má kọjá nínú ẹ̀rọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, bó bá sì dúró pẹ́ níwájú iná gílóòbù, yóò jóná. Mo fi aṣọ rírọ̀ nù ún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo tún àwọn ihò tó ya ṣe díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo fi ṣe é. Pùrójẹ́tọ̀ fúnra rẹ̀ sì ń han, ó fẹ́ epo.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tí ọmọ ilẹ̀ wa nìkan lè ṣe. Lọ́dọ̀ wa, òrí kì í tán nílé. Imú ọmọ dí, òrí ni. Ọrùn ń dun àgbàlagbà, òrí ni. Ilẹ̀kùn ń han, òrí náà ni. Bàbá mi kọ́ mi pé epo ẹ̀rọ ìránṣọ ni kí n máa lò, ẹ̀kán méjì péré, ṣùgbọ́n ìgò tèmi ti gbẹ, ọjà sì jìn lójú mi lọ́jọ́ náà. Mo yọ́ òrí lórí iná, mo fi ìyẹ́ adìyẹ tọ́ ọ sí gbogbo oríkèé ẹ̀rọ náà. Híhan dákẹ́, ó ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo lọ bá télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì wa, mo sọ fún un pé òrí dára ju epo tó ń lò lọ. Télọ̀ náà wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀, ó ní tísà kì í gbọ́ràn, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìgbà tí mo fi parí fíìmù náà, ọyẹ́ ti dé, ọyẹ́ gidi tó ń la ètè. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí a dá, ìyá mi wẹ̀ ní kùtù, ó wọ ìró àti bùbá tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì wé gèlè. Mo rán an létí pé fíìmù lásán la fẹ́ wò. Ó ní ìyá òun kò fẹ́ràn kó máa rí òun ní jákujàku. Mo ta aṣọ ìbùsùn funfun sára ògiri. Ó ní ó ti rún jù, mo tú u, mo lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo ti gbogbo fèrèsé, yàrá sì ṣú.

Ìwà tísà tó kù lára mi ló yọ mí. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi fíìmù mìíràn dán ẹ̀rọ wò, mo sì mú èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ, ibi tí mo ti kọ́kọ́ rìn ní Kàdúná. Mo hàn lójú aṣọ náà, mo dìde, mo gbé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ náà kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Pùrójẹ́tọ̀ ń kùn, kò yí. Kí ọwọ́ mi tó dé ibi tí n ó ti pa á, ihò aláwọ̀ igi kan ti yọ lára àwòrán náà, ó jẹ ẹsẹ̀ mi, ó jẹ èmi náà tán.

Òrí ti dì. Ó dì bó ṣe ń dì nínú igbá lọ́dọọdún tí ọyẹ́ bá dé, ohun tí ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ní gbogbo Kàbà. Èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ nípa ohun tó ń yọ́ àti ohun tó ń dì. Inú bí mi sí ara mi débi pé omi ń bọ̀ lójú mi. Ìyá mi ní tirẹ̀ ti rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi yẹ̀.

"Má sunkún," ó ní. "Mo wà ńbẹ̀. O rìn."

Mo sọdá títì lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Mo ní, "Okun ùṣẹ́ o," torí "okun" la fi ń kíni fún ohun gbogbo lọ́dọ̀ wa; ó dáhùn, ó wo ojú mi, ó ní, "Òrí ńkọ́?" Mo ní kó fún mi lépo díẹ̀. Ó mú ìgò epo rẹ̀, ó tẹ̀ lé mi, ó ní òun kò lè jẹ́ kí epo òun dá lọ sílé tísà. Àwa méjèèjì tú pùrójẹ́tọ̀ náà palẹ̀ lórí ẹní. Kẹrosíìnì àti ìyẹ́ adìyẹ la fi fọ òrí kúrò lára irin kọ̀ọ̀kan. A sá a sóòrùn, a tò ó padà, a sì kán epo sí i, ẹ̀kán méjì-méjì. Ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì kí a tó ṣe tán.

Fíìmù mọ́tò bàbá mi ni mo fi dán an wò lọ́tẹ̀ yìí, torí kò sí ẹni tí yóò sunkún bí ìyẹn bá jóná. Ó yí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá mi tún ti wé gèlè rẹ̀. Mo wá fi fíìmù Odò-Àpẹ́ sínú ẹ̀rọ, ọwọ́ mi tí kì í gbọ̀n sì ń gbọ̀n.

Mọ́tò bàbá mi ló kọ́kọ́ yọ, bí ẹni pé òun ni àna. Lẹ́yìn rẹ̀ la rí àgbàlá pupa kan, àwọn ewúrẹ́, àti ẹnu ọ̀nà ilé. Obìnrin kúkúrú kan jáde níbẹ̀, ó ro aṣọ mọ́ àyà, eyín rẹ̀ pa èjí. Ìyá mi fa àga rẹ̀ sún mọ́ iwájú. Obìnrin náà rí bàbá mi, àna rẹ̀, tó dúró, tó gbé nǹkan dí ojú kan, ó sì ń sọ̀rọ̀. Fíìmù náà kò ní ohùn. Ìyá mi ló fi ohùn sí i, ohùn ìyá rẹ̀ gan-an:

"Wo ọmọ yìí ní ìdúró. È tíì jẹun. Uṣu wà nínú ulé."

Obìnrin náà yí padà, ó wọlé. Ẹnu ọ̀nà ṣófo. Mo ń wo fíìmù tó kù lára kẹ̀kẹ́ tí a wé e mọ́, kò ju ìyípo mélòó kan lọ mọ́, ẹ̀rù sì bà mí pé yóò tán kó tó jáde. Ó jáde. Ó mú iṣu sísun kan tó ń rú èéfín lọ́wọ́, ó ń bọ̀ tààrà wá sọ́dọ̀ wa, ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ń tóbi sí i. Ó na iṣu náà sí wa títí ọwọ́ rẹ̀ fi gba gbogbo aṣọ ara ògiri.

Ìyá mi na ọwọ́ méjèèjì síwájú, bí ọmọ ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Fíìmù tán, aṣọ náà funfun, ìyá mi kò sì ká ọwọ́ rẹ̀ kò.

"Ìyé," ó ní, "okun."