Àká Èédú Tí Kò Ní Fèrèsé

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo gbójúgbóyà kọ̀wé sí yín. Ọdún kìíní ni mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, bóyá n kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyá mi, adáná ilé iṣẹ́ omi, ẹni tó ń bu èédú sínú iná ẹ̀rọ tó ń fa omi fún ìlú, ti kú, àwọn tó pa á sì ti nu ẹnu nù.

Adúmáadán ni àdúgbò ń pè é, torí kò sí ọṣẹ tó bọ́ èédú kúrò lára rẹ̀. Bó bá tibi iṣẹ́ dé, ìyá mi á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fara kan ògiri mi o." Á ní, "Àbúrò, ògiri yìí ló ń wá mi kiri."

Nígbà tí ogun dé, ìjọba àwọn òyìnbó tó ń ṣàkóso wa kó ọkọ̀ òkun lọ sójú ogun, èédú tí ọkọ̀ ń kó wá di ohun àwátì. Ẹ̀rọ omi ń ṣiṣẹ́ lónìí, ó ń dákẹ́ lọ́la. Ẹ̀rọ yìnyín kíláàbù àwọn ọ̀gá ńkọ́? Ìyẹn kò dákẹ́ rí. Kí ọmọ ìlú máa gbé garawa kiri, kí ọtí ọ̀gá ṣáà ti tutù. Ọgbọ́n ńlá mà nìyẹn.

Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ omi wá ń bẹ̀rù olè. Àká èédú tí kò ní ògiri tẹ́lẹ̀, tí atẹ́gùn ń fẹ́ gbà kọjá, wọ́n mọ ògiri yí i ká, ilẹ̀kùn kan, àgádágodo kan, kò sí fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Èédú ti wẹ̀wọ̀n, kò sì jalè." Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọlé lọ bu èédú, kò jáde mọ́. Wọn ò rí ọgbẹ́ kan lára rẹ̀.

Nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ wa, mo kà á pé èédú tí a tì mọ́lé máa ń jẹ afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí tán. Ọ̀gá kàwé jù mí lọ fíìfíì. Àbí kò ka ojú ìwé yẹn ni?

Ìyá mi lọ sí ọ́fíìsì wọn. Akọ̀wé ní, "Ìyá, ẹ gba f'Ọ́lọ́run. Ogun ló pa á. Ká ní ọkọ̀ ń wá ni, ta ni ì bá ti èédú mọ́lé?"

Kò pẹ́, wọ́n gbé òkúta kan kalẹ̀ níwájú ọ́fíìsì náà, wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí ogun pa sí i. Ìyá mi padà lọ. Akọ̀wé kan náà ní, "Ìyá, sójà là ń kọ síbẹ̀. Ibi iṣẹ́ ni tiyín kú sí."

Ìyá mi ní, "Akọ̀wé, ṣé ikú méjì ni ẹ̀gbọ́n mi kú ni?"

Akọ̀wé fa àkísà yọ. Ó ń gbọn eruku orí tábìlì.

Wọ́n ti gba ọmọ olóògbé sípò bàbá rẹ̀ báyìí. Àká yẹn náà ló ń wọ̀, ògiri náà ṣì dúró digbí. Ẹ bá mi bi ọ̀gá àgbà nínú ìwé ìròyìn yín: ta ló ní kí wọ́n mọ ọ́n láìní fèrèsé? Kó dárúkọ onítọ̀hún. Kó wó ògiri náà kí òkú kejì tó jáde níbẹ̀. Kó sì wá sójú ìyá mi wá sọ irú ikú tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ìbéèrè ògiri yìí nìkan ni kí ẹ tẹ̀ jáde, láìdárúkọ ìyá mi. Lẹ́tà yìí, ẹ dákun, kó má kúrò láàárín èmi àti ẹ̀yin. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ilé wa lọ̀rọ̀ ti jáde, wọ́n á lé ọmọ náà lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ tó lè pa á yẹn náà la sì fi ń jẹun.