Wọ́n Ní Ká Dúró

Ìyá tó bí ìyá mi kì í ṣe ẹni tó ń fi nǹkan falẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti kírun àsùbáà, ó ti gbá ojúde, ó sì ti bá ẹni tó sùn jù nínú wa jà. Nítorí náà, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù láràárọ̀, ìṣe rẹ̀ la kọ́kọ́ pè é. Dichemso ní ilẹ̀ Àṣàǹtí là ń gbé nígbà náà, ní ìparí àwọn ọdún 1980, nínú ilé obìnrin Àṣàǹtí kan tí gbogbo wa ń pè ní Nana. Èmi ti dàgbà tó ẹni tó ń bá ìyá mi tajà ní Adum, ẹnu mi sì mú ju abẹ lọ.

Bí ìyá àgbà ṣe ń ṣe é nìyí. Yóò tẹ́ aṣọ ìró kan sílẹ̀, yóò kó aṣọ rẹ̀, tẹ̀sùbáà rẹ̀ àti bútà àlùwàlá sí i, yóò sì takókó rẹ̀ le dan-in. Yóò wá gbé ìkòkò irin ńlá tó fi ń se oúnjẹ lọ sẹ́nu ọ̀nà Nana, yóò bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, yóò fi ìkòkò sílẹ̀ níbẹ̀, yóò padà wá jókòó lórí ẹrù, yóò máa wo ọ̀nà. Bí a bá tú ẹrù náà, ẹkún ni. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti gbàgbé. Ní ọjọ́ kejì, ó tún di í. Ó ti ń pè mí lórúkọ ìyá mi nígbà yẹn, ó sì máa ń bi ìyá mi pé ọmọ ta ni.

Àwọn èèyàn kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọ́n wọn. Aládùúgbò kan ní àjẹ́ ni, pé òun gbọ́ ọ nínú ìwàásù orí rédíò pé bí arúgbó bá ti ń rìn kiri tó ń sọ̀rọ̀ sókè, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Ìyá mi ló fà mí láṣọ sẹ́yìn lọ́jọ́ náà tí mo fẹ́ lọ bá a jà. Àwọn tó fẹ́ràn wa ní ó ń ṣarán ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó dùn jù lọ wá láti inú ìpàdé àwa Mùsùlùmí Yorùbá. Wọ́n ní, "Ilé ń pè é." Ó dùn mọ́ mi létí, kí n má parọ́. Àgbà obìnrin tí wọ́n gbé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní kékeré, tó wá ń di ẹrù láràárọ̀, kí ló tún kù?

Àṣé ọ̀rọ̀ a máa pàṣẹ. Nínú ìpàdé wa, bí wọ́n bá ti pè ọ́ ní aláìsàn, àwọn obìnrin á pín ọjọ́ láàárín ara wọn: ẹnìkan á gbé ẹ̀kọ mímu wá, ẹlòmíràn á fọṣọ, ẹlòmíràn á jókòó tì ọ́ títí àwọn ará ilé rẹ yóò fi dé láti ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé ń pè, ìjókòó nínú ọkọ̀ ni wọ́n ń bá a wá, àti ẹni tí yóò mú un dé ilé. Wọ́n á ṣàdúà, ó parí. Wọn kì í ṣe ìkà. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko, òun ni wọ́n gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n àbúrò kan ṣoṣo tí ìyá àgbà ní ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti kú tipẹ́, àwọn tó kù nílé náà kò mọ ojú rẹ̀ rí. Ìyá mi ń bẹ̀rù pé bí a bá fi í ránṣẹ́, a kò ní tún rí i mọ́. Bó bá sì ní òun kò gbà, wọ́n á ní ó ń dí ìyá rẹ̀ lọ́nà ilé.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni wọ́n fẹnu ọ̀rọ̀ jóná nínú àgbàlá Alfa ará Ìlọrin tó jẹ́ olórí ìpàdé. Ọkọ̀ Alàmísì ni wọ́n fẹ́ fi í sí. Ìyá mi kàn ń fi gèlè nu ojú. Èmi la ẹnu, wọ́n ní kí n pa á dé. Ibẹ̀ la wà tí Nana fi wọlé, ẹni tí kò dé ìpàdé wa rí, pẹ̀lú ìkòkò irin lórí. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sáàárín àwọn ọkùnrin gbàgà. Twi, èdè àwọn Àṣàǹtí, ló ń sọ, ta ni kò sì gbọ́ Twi níbẹ̀?

"Alfa, mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín. Ẹ ní ilé ló ń wu obìnrin yìí. Ɔresuro! Ẹ̀rù ló ń bà á! Ìkòkò yìí ló gbé fún mi lọ́dún tí ìjọba lé àwọn àlejò tí kò níwèé. Ohun tó sọ fún mi lọ́jọ́ náà ló ń sọ láràárọ̀: 'Bá mi tọ́jú ẹ̀, bí mo bá padà dé, màá gbà á.' Ṣé ẹni tó ń lọ sílé rẹ̀ máa ń fi ìkòkò pamọ́ de àbọ̀?"

Kò sẹ́ni tí ọdún yẹn kò kàn nínú wọn. Ìyá àgbà ti di ẹrù nígbà náà, òun àti àbúrò rẹ̀. Àbúrò bá lọ́rì àkọ́kọ́ lọ. Ní ọjọ́ kejì ni ìwé ìdúró bàbá wa àgbà jáde, tí ẹnìkan sáré wọlé wá wí pé, "Wọ́n ní ká dúró!" Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò tún fojú kanra wọn mọ́.

Alfa dojú kọlẹ̀. "Astagfirullah. Ọwọ́ ara wa la fẹ́ fi lé e lẹ́ẹ̀kejì." Ó gbójú sókè. "Láti òní lọ, mi ò fẹ́ gbọ́ 'ilé ń pè é' nínú ìpàdé yìí mọ́ nípa ẹni tó ń gbàgbé. Ara rẹ̀ ni kò yá. Aláìsàn ni. Ẹ̀yin ìyá, ẹ pín ọjọ́."

Wọ́n pín in. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn títí dòní, títí kan èyí tí ọbẹ̀ rẹ̀ máa ń níyọ̀ jù àti èyí tó ń fi ìyá àgbà sílẹ̀ lọ ṣòfófó. Torí wọn ni ìyá mi ṣe ráyè lọ sọ́jà, tí arúgbó wa kò sì dá jókòó rí. Àwọn àgbà mìíràn tún gbàgbé lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó wá ọkọ̀ fún wọn.

Ó ku ẹrù àràárọ̀. Mo kọ́kọ́ lọ bá a, mo ní, "Ìyá, wọ́n ní ká dúró." Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ta ló rán ọ?" Iṣẹ́ yẹn di ti Alfa. Bó bá ti ń ti mọ́sálásí bọ̀, yóò yà, tòun ti láwàní àti agbádá, torí ọjọ́ tó wọ jàlámíà lásán, ìyá àgbà kò dá a lóhùn. "Ìyá, wọ́n ní ká dúró." Yóò ní, "Alhamdulillah," a ó sì bá a tú ẹrù. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ kì í fọwọ́ kàn án.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kò wí alhamdulillah. Ó di Alfa lágbádá mú.

"Ẹ ti sọ fún àbúrò mi? Ẹ sáré o, lọ́rì fẹ́ gbéra."

Alfa tí kì í parọ́ wo ìyá mi. Alfa wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú arúgbó, ó rọra ní, "A ti sọ fún un, Ìyá. Ó ti sọ̀ kalẹ̀. Ó ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ìyá àgbà tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú kókó aṣọ náà. Ó wá kọjú sí mi.

"Kí lò ń wò? Lọ gba ìkòkò mi wá lọ́wọ́ Nana. Ebi á ti máa pa àbúrò mi."