Ìkúnlẹ̀ Àwìn Lójú Ọ̀nà Odò

Ọ̀nà tí àkọ́bí mi obìnrin ń gun kẹ̀kẹ́ gbà lọ síbi iṣẹ́ kò léwu rárá, ohun tó sì ń dẹ́rù bà mí nìyẹn. Bí ọ̀nà bá léwu, èèyàn á mọ ohun tí yóò máa ṣọ́. Ṣùgbọ́n láti ilé tó kẹ́yìn ní Ìwó títí dé abúlé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé, lápá ọ̀nà Kúta, lọ́rì kan ṣoṣo ni mo gbọ́ pé ó gba ibẹ̀ rí, òun náà sì ṣìnà ni. Ọ̀nà erùpẹ̀ pupa ni. Ó gba àárín oko kòkó kọjá, ó rọra dà sísàlẹ̀ sí àfonífojì odò kan tó ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun, ó gba orí afárá onípákó, ó sì gun òkè lódìkejì. Láàárọ̀, ìkùukùu máa ń bo odò náà débi pé èèyàn ò ní rí omi, ìró rẹ̀ nìkan ni yóò máa gbọ́ lábẹ́ pákó. Ẹni tó bá fẹ́ràn kí ọkàn òun balẹ̀ á fẹ́ràn ibẹ̀. Èmi ò sí lára wọn.

Ìgbà tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ni. Ilé-ìwé hù káàkiri abúlé ju tíṣà lọ, wọ́n sì ń gba ẹnikẹ́ni tó bá ti lè ka ìwé sókè tí kò sì bẹ̀rù ọmọdé. Ọmọ mi lè ṣe méjèèjì. Nítorí pé kò sí yàrá fún àlejò ní abúlé náà, ó di dandan kó máa lọ kó máa bọ̀ lójoojúmọ́. Mo ra kẹ̀kẹ́ obìnrin fún un, èyí tí kò ní irin lágbede méjì, mo sì fún un ní ìtọ́ni.

Èmi tó parí ìwé girama, tí mo jẹ́ akọ̀wé nílé ìtajà kòkó, tí n kì í fọwọ́ sí àpò kan láìwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, mi ò lè fún ọmọ ní ìtọ́ni àbọ̀. Mo ní kó má gun kẹ̀kẹ́ lórí afárá, kó máa tì í. Mo ní bí òjò bá ṣú, kó padà sílé, bí oòrùn bá mú, kó yà sábẹ́ igi. Mo ní bó bá gbọ́ ìró lọ́rì, kó wọ inú igbó lọ, òun àti kẹ̀kẹ́.

“Lọ́rì wo, Bàbá?”

“Èyí tó bá ń bọ̀.”

Ìyá rẹ̀ ń bó iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. “Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Títí ẹ ó fi sọ̀rọ̀ tán, àwọn ọmọ tó fẹ́ lọ kọ́ á ti gbéyàwó.”

Ìkíni ni mo fi kádìí rẹ̀. Nílùú wa, a kì í jókòó lórí nǹkan kí àgbàlagbà. Ẹni tó gun ẹṣin á sọ̀, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ á sọ̀, bó bá sì jẹ́ obìnrin, orúnkún méjèèjì gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. “Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá bá mi ní mọ́ṣáláṣí,” mo ní, “pé ọmọ akọ̀wé jókòó sórí irin kọjá lára òun.” Ọmọ mi ní òun ti gbọ́.

Kò pẹ́ rárá tí ọ̀gá ilé-ìwé náà fi wá sílé wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò sì mu ju omi lọ. Ó ní ọmọ mi mọ̀ ọ́n kọ́, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ojoojúmọ́ ló ń pẹ́. Aago kejì tí wọ́n fi ń wọ kíláàsì á lù, orin á parí, kíláàsì rẹ̀ á ṣì wà níta tí wọ́n ń kọ orin kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní bó bá tún pẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n rán ẹlòmíràn wá, ọ̀pọ̀ sì ló ń dúró de àyè náà.

Lẹ́yìn tó lọ tán, mo bi ọmọ mi léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

“Ọ̀nà náà gùn ni, Bàbá.”

Ọ̀nà náà kò gùn. Mo mọ bó ṣe gùn tó. Nǹkan kan ló ń dá a dúró lójú ọ̀nà, kò sì fẹ́ sọ ọ́. N ò ní purọ́, ara tù mí díẹ̀: ewu tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí wá ti fẹ́ yọjú. Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà kẹ̀kẹ́ tèmi, mo wọ ẹ̀wù funfun, nígbà tí a sì kí ìrun àsùbáà tán lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo tẹ̀ lé e.

A ò tíì kúrò níbi tí a ti lè gbóòórùn ìlú tí a fi pàdé bàbá arúgbó kan tó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀, ó fi kẹ̀kẹ́ ti igi, ó kúnlẹ̀. Èmi náà sọ̀, mo dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá.”

“Káàárọ̀ o. Ọmọ ta ni ẹ́?” Ojoojúmọ́ ló sì ń pàdé ọmọ mi.

“Ọmọ akọ̀wé ilé kòkó ni mí, Bàbá.”

“Akọ̀wé wo? Ṣé èyí tó máa ń wọn àpò èèyàn lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni pé olè la jẹ́?”

“Èmi nìyí, Bàbá,” mo sọ láti ilẹ̀.

“Áà! Ṣé àlàáfíà ni? Ìwọ̀n náà ń kọ́?” Kò dúró de èsì, ó bẹ̀rẹ̀ àdúà. Ó ṣe é fún ìrìn àjò wa, ó ṣe é fún ọkọ tí ọmọ mi kò tíì ní, ó ṣe é fún àwọn ọmọ tí ọkọ náà yóò bí. Ó wá kọjú sí kẹ̀kẹ́, ó ní irin náà kò ní jẹ wá. A ṣe àmín lórí irin.

Mo ṣì ń gbọn erùpẹ̀ nù nígbà tí ẹlòmíràn yọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ìyá mẹ́ta kan tó ru iṣu, tí wọ́n ń lọ sọ́jà Olúpọ̀nnà. Mo rò pé ìkúnlẹ̀ kan á tó fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ṣìṣe.

“Èmi ni ìyáalé wọn,” ni èyí tó wà níwájú wí. “Tèmi ni kó kọ́kọ́ kí. Ẹ jẹ́ kó dìde ná, kó tún un kí.”

Ó dìde, ó tún un kí. Nígbà tí wọ́n fi lọ, oòrùn ti yọ, àyà ẹ̀wù funfun mi sì ti pupa bí ọ̀nà. Kò sí lọ́rì, kò sí ejò, kò sí gbọ́mọgbọ́mọ. Ẹyẹ ń ké lórí igi kòkó.

“Bàbá,” ni ọmọ mi wí, “ṣé ẹ ti wá rí ewu náà báyìí?”

“Kí ni ewu níbẹ̀? Àdúà ni wọ́n ń ṣe fún ọ.”

“Àdúà yẹn ló máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi.”

Mo ní kó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

A dé ibi tí ọ̀nà ti dà sísàlẹ̀ sí odò. Láti ibẹ̀, èèyàn ń rí òkè kejì, páànù ilé-ìwé ń dán níbẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń sáré kiri níwájú rẹ̀ bí èèrà. Aago kìíní ti lù. Ọmọ mi ti ń sáré lọ sísàlẹ̀ níwájú mi nígbà tí mo rí ẹni tó ń gòkè bọ̀ láti odò, tó ń fi okùn fa àgbò kan. Àfáà tó kọ́ mi ní kéú nígbà tí mo wà ní kékeré ni. Mo figbe ta.

“Tẹ bíréèkì! Sọ̀ kalẹ̀! Àfáà ni!”

Ó wo àfáà. Ó wo páànù. Ó wá tẹ agogo kẹ̀kẹ́, ó sì tẹ orí ba bó ṣe ń lọ.

“Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá! Mo jẹ yín ní ìkúnlẹ̀ kan! Ẹ jọ̀ọ́, n ó san án nírọ̀lẹ́!”

Ó sì kọjá lára àfáà mi lórí irin.

Nínú ìpayà, bíréèkì iwájú nìkan ni mo tẹ̀. Kẹ̀kẹ́ dúró, èmi ò dúró. Mo gba orí rẹ̀ kọjá, mo sì balẹ̀ gbalaja níwájú bàtà àfáà, àyà nílẹ̀, ọwọ́ méjèèjì níwájú. Àgbò náà sún sẹ́yìn díẹ̀ láti fún mi láyè.

Àfáà tẹ̀ síwájú wò mí. “Ó mà dára o,” ó ní. “Ẹ̀yin akọ̀wé ìsinsìnyí kì í dọ̀bálẹ̀ délẹ̀ mọ́. Ẹ kàn máa ń tẹ̀ bí ẹni tó ń wá bọ́tìnnì ni. Tìẹ délẹ̀.”

“Bàbá, mo ṣubú ni.”

“Ìrẹ̀lẹ̀ yẹn náà ni mo ń sọ.”

“Ẹ dárí ji ọmọ mi, Bàbá. Ó rí yín fín.”

“Kí ló ṣe? Ṣé o ò gbọ́ pé ó ní àwìn ni? Nílùú wa yìí, ta ni kì í tajà láwìn? Èyí tó bá kọjá láìsọ nǹkan kan ló rí èèyàn fín. Òun jẹ́wọ́ gbèsè, ó sì dá ìgbà tí yóò san án. Ìwọ ti sanwó lọ́wọ́, òun gba tirẹ̀ láwìn. Ilé yín ò rẹ́ mi jẹ. Jẹ́ kí n ṣàdúà fún ọ.”

Èèyàn kì í dìde kúrò nínú àdúà. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ mi ń ṣẹ̀jẹ̀, mo yí ojú mi díẹ̀ kí n lè máa wo òkè kejì. Mo rí ẹ̀wù ọmọ mi bó ṣe yọ nínú ìkùukùu. Kò ti kẹ̀kẹ́ lórí afárá, mo mọ̀, nítorí mo gbọ́ bí pákó ṣe ń ró. Aago kejì bẹ̀rẹ̀. Ó ń gòkè, ó dìde dúró lórí pẹ́dà, ohun tí mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ ṣe. Ó dé, ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó sì wà níwájú àwọn ọmọ rẹ̀ kí aago tó dákẹ́.

“Àmín,” mo wí. Àfáà kò tíì parí gbólóhùn rẹ̀, àmọ́ inú mi ló ti wá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ mi san gbèsè àfáà pé pérépéré. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo àgbà ojú ọ̀nà náà ló ti ń tajà láwìn. “Àwìn!” ni wọn yóò ké tí wọ́n bá ti gbọ́ agogo láàárọ̀, ọmọ mi á sì dáhùn pé, “Àwìn, Bàbá!” Ìyáalé oníṣu nìkan ló kọ́kọ́ fárí gá, ó ní òun kì í tajà láwìn. Nígbà tó rí i pé gbogbo ẹgbẹ́ òun ló ti ní ajigbèsè, ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní tòun gbọ́dọ̀ ní èlé: ìkúnlẹ̀ méjì. Ọ̀gá ilé-ìwé kò wá sílé wa mọ́.

Ní ti èmi, òkìkí mi kàn. Wọ́n sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí pé akọ̀wé já bọ́ láti orí kẹ̀kẹ́ tó ń sáré nítorí ọ̀wọ̀ àfáà rẹ̀. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bíréèkì iwájú, bí mo bá sì ṣe ń ṣàlàyé tó ni wọ́n ń yìn mí tó. Àwọn bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọmọkùnrin wọn wí: “Akọ̀wé já lulẹ̀, ìwọ ń tẹ orí!” Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbìyànjú rẹ̀ níwájú bàbá ìyàwó rẹ̀, eyín iwájú ló sì fi san án.

Ọmọ mi bẹ̀ mí pé kí n má tẹ̀ lé òun mọ́, pé èmi nìkan ni jàǹbá tó tíì ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà náà. Ìyá rẹ̀ náà fọwọ́ sí i. Mo gbà láti máa dúró sẹ́bàá ilé tó kẹ́yìn, kí n kàn máa wò ó. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, mo dúró síbẹ̀, mo fọwọ́ kọ́ ẹ̀yìn bó ṣe yẹ bàbá, mo ń retí kó sọ̀ kalẹ̀ kó kúnlẹ̀ kí mi.

Ó tẹ agogo.

“Bàbá, àwìn o!”

Eruku ló kù fún mi. Mo wò ó títí ọ̀nà fi ṣófo. Lẹ́yìn iṣẹ́, mo padà síbẹ̀. Àwọn àgbà ti wà ní ìjókòó lẹ́bàá ọ̀nà, ìyáalé oníṣu sún fún mi lórí pákó, mo sì jókòó, mo ń dúró de ìkúnlẹ̀ tèmi.